Orín Tó Gba Sáríà Padà Sílé

Ẹ má káàánú mi. Ẹni tó bá gbọ́ pé opó ni mí, pé Lọ́kọ́ja ni mo sì ń gbé láìsí ẹbí nítòsí, ohun àkọ́kọ́ tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde ni "pẹ̀lẹ́". Pẹ̀lẹ́ ti kí ni? Mò ń jẹun, mò ń sùn, ìkòkò aró mi kì í gbẹ, ọwọ́ mi sì dúdú títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ẹni tó bá ní àánú lọ́wọ́, kó gbé e fún ẹlòmíràn.

Ọ̀fà ni wọ́n ti bí mi. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Mo rò ó nígbà kan pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìyẹn, pé tiwa ni ká dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbo ká máa pàtẹ́wọ́. Ilẹ̀ àjò ló kọ́ mi pé èmi náà lè wọ agbo.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ọkọ mi. Ó gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tó mọ igi í gbẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Lọ́kọ́ja. Ó ní ká lọ, mo ní ó dáa. N kò ní fi ìtàn ọ̀nà da yín láàmú. Ẹsẹ̀ la fi rìn, nítorí rélùwéè kò tíì dé Ọ̀fà nígbà náà. Ó jìnnà, ó sì tán.

Omi ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Nílé, odò tí ènìyàn lè fò kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo mọ̀. Ọkọ mi mú mi dé bèbè, mo rí omi tó lọ rẹrẹ títí ojú mi ò fi rí òpin rẹ̀, apá kan pọ́n, apá kejì dúdú, wọ́n ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni pé ọ̀kan ò fẹ́ kí èkejì fara kan òun.

Mo bi í pé, "Ṣé ìjà ni wọ́n ń jà ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọya nìyẹn, Bẹ́núè nìyí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ni. Tí wọ́n bá dé ìsàlẹ̀, wọ́n á ti mọwọ́ ara wọn."

Ohun kejì tó bà mí lẹ́rù ni ẹnu àwọn ènìyàn. A gba yàrá ní àdúgbò Kpátá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde, mo kúnlẹ̀ kí obìnrin àgbà kan, ó fi Nupe dá mi lóhùn. Mo kí èkejì, Ìgálà ló sọ. Ẹ̀kẹta sọ Ebira, ẹ̀kẹrin sọ Hausa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ru ẹrù kọjá sọ òyìnbó tí kì í ṣe òyìnbó. Mo padà wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì sunkún. Nílé, ẹnu mi mú. Kò sí ẹni tó lè bú mi kó mú un jẹ. Wàyí o, ìka ni mo fi ń nájà bí odi.

Ìyé ló yọ mí. Obìnrin Owórò ni, láti Àgbájà lórí òkè, tó máa ń ru òwú àti ewé ẹ̀lú wá sí Kpátá. Ó bá mi níbi tí mo jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Okun o!" N kò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Ó jókòó tì mí, ó ní báyìí ni àwọn ṣe ń kíra wọn, àárọ̀ o, ọ̀sán o, kí n dáhùn pé "Okun". Yorùbá tirẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi, àmọ́ bí mo bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ó ń yé mi. Ó wo ewé ẹ̀lú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo bí mo ṣe tẹjú mọ́ ọn.

"Ṣé aláró ni ọ́ ni?"

"Ọmọ aláró ni mí, Ìyé. Ìyá mi ló kọ́ mi."

"Kí ló dé tí o wá káwọ́ gbera?"

Bí mo ṣe gbé ìkòkò aró kalẹ̀ lẹ́yìn ilé nìyẹn. Àwọn ará ilé ní aró mi ń rùn. Mo ní òótọ́ ni, aró tí kò bá rùn, omi lásán ni. Eérú igi ibẹ̀ kò rí bí tilé, aṣọ àkọ́kọ́ tí mo pa láró jáde bí ojú ọ̀run tí òjò fẹ́ rọ̀ tí kò rọ̀. Mo dà á nù, mo tún un ṣe. Ní ọdún kejì, àwọn ìyàwó sójà ti ń bá ara wọn du ààyè níwájú ìkòkò mi, mo sì ti ń fi èdè mẹ́ta bú ènìyàn.

Bí mo bá fẹ́ gbọ́ ohùn ilé, ẹnu Ṣùbérù ni mo ti ń gbọ́ ọ. Oníṣòwò obì ni, ọmọ Ọ̀fà, tó máa ń gba Lọ́kọ́ja kọjá. Gbogbo wa la ń fi iṣẹ́ rán an. Ẹ̀bùn kan wà lára ọkùnrin yìí: bí ó bá ń jẹ́ iṣẹ́, ohùn ẹni tó rán an ló máa ń mú. Bí ìyá mi bá ní kó kí mi, yóò tẹ ọrùn, yóò fa ohùn rẹ̀ tínrín, yóò ní, "Ọmọ mi, ṣé o ń jẹun kánú? Ṣé ọkọ rẹ kò tíì máa na ọwọ́ sí ẹran ọbẹ̀ rẹ?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi. Nígbà tó bá sì tún padà di Ṣùbérù, tó gbé ohùn ara rẹ̀ wọ̀, ọkàn mi máa ń wó, bí ìgbà tí ènìyàn dìde lọ láàrin ọ̀rọ̀.

Ibà ló pa ọkọ mi. Ó mú un lọ́jọ́ tó ń ṣiṣẹ́ nínú omi, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́. A sin ín sí ẹsẹ̀ Òkè Pàtí, níbi tó jẹ́ pé bí mo bá ń sá aṣọ, mo lè gbójú sókè kí n rí i. Mo ṣe ọ̀fọ̀ rẹ̀ pé. Ìyé ló ń bu omi fún mi. Lọ́jọ́ tí mo bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, mo jókòó ti ìkòkò mi, mo sọ fún ọkọ mi lọ́kàn mi pé n kò lọ ibì kankan.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Ṣùbérù dé pẹ̀lú orín.

Mo ní láti ṣàlàyé ohun méjì fún ẹni tí kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa. Àkọ́kọ́ ni pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá bá nílé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí ní àná ọjọ́ tó wọlé. Orúkọ mìíràn ló máa fi sọ wọ́n. Àbúrò tó tẹ̀ lé ọkọ mi, nítorí pé eyín rẹ̀ mọ́, Eyínfúnjowó ni mo ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní ìyàwó méjì, ó ní oko iṣu, ó sì fẹ́ràn kó máa pàṣẹ.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ orín. Bí opó bá ti bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, ọkùnrin ẹbí tó bá fẹ́ ṣú u lópó á fi orín tó fi ń fọ eyín ránṣẹ́ sí i. Bí obìnrin náà bá fẹ́ ẹ, yóò mú un sọ́wọ́. Bí kò bá fẹ́ ẹ, yóò dá a padà. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó fẹ́ kò ní iṣẹ́ kankan ṣe, jíjókòó ni. Ẹni tí kò fẹ́ ni yóò rìn.

Ṣùbérù yọ orín náà nínú aṣọ funfun, ó mú ohùn Eyínfúnjowó, ohùn tó wúwo tó ti inú ihò imú jáde. "Ìyàwó wa, ẹ̀gbọ́n mi lọ, ilé kò tú. Orín mi rèé. Bí oṣù tuntun bá lé tí n kò rí i padà, mo ti mọ ohun tí o sọ. N ó wá kó ẹ àti ẹrù ẹ wálé."

Mo na orín padà sí i lójú ẹsẹ̀. "Gbà. Bá mi dá a padà fún un."

Ṣùbérù fò sẹ́yìn bí ẹni rí ejò. "Èmi kẹ̀? Ẹni tó gbé orín wá kì í gbé e lọ. Wọ́n á ní èmi ni mo sọ ọ́ nù lójú ọ̀nà. Wọ́n á ní mo fẹ́ ẹ fúnra mi!"

"Ìwọ wo? Pẹ̀lú ìyàwó tó lé ẹ jáde lọ́dọọdún?"

"Ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn tí wọ́n á fi gbà á gbọ́."

Kò gbà á. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, kò gbà á. Oṣù tó wà lójú ọ̀run ti ń tán lọ. Bí òmíràn bá lé tí orín yẹn sì wà lọ́wọ́ mi, ìyàwó Eyínfúnjowó ni mí lójú gbogbo Ọ̀fà, ibi tó bá ní kí n gbé ni mo máa gbé. Ìkòkò mi, ọgbà ẹ̀yìn ilé mi, sàréè ọkọ mi, gbogbo rẹ̀ di ohun àtijọ́.

Ìyé wo orín náà, kò fọwọ́ kàn án. "Ṣé igi kékeré yìí ló fẹ́ gbé ọ kúrò ní Lọ́kọ́ja?"

"Kò gbé mi. Èmi ni n ó gbé e."

Ó di ẹ̀wà fún mi, ó ní òun á máa po aró inú ìkòkò mi kó má baà bàjẹ́. Ọkọ̀ ojú omi gbé mi dé Bárò, rélùwéè gbé mi dé Mínà. Ọdún tí ojú irin Èkó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ti Bárò pàdé níbẹ̀ ni. Wọ́n ti sọ fún mi ní Lọ́kọ́ja pé kí n sọ̀ ní Mínà, kí n bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn tó ń lọ sọ́nà Èkó, pé Ọ̀fà wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ó yé mi. Mo sọ̀.

Ẹ̀fọ́rí ni Mínà jẹ́. Ọkọ̀ méjì dúró, wọ́n dojú kọ ibi tó yàtọ̀, èéfín bo gbogbo ilẹ̀, àwọn ènìyàn ń sáré, ewúrẹ́ ń ké. Mo gbọ́ Hausa dáadáa nígbà yẹn. Ẹnikẹ́ni ni mo lè bi léèrè. Ibẹ̀ ni mo ti rí obìnrin kan tó gbé agbọ̀n lérí, tó ń lọ fàà bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ, ilà Ọ̀fà sì wà lójú rẹ̀. Ilà ojú mi gan-an. Mo ti gbé Lọ́kọ́ja pẹ́ láìrí obìnrin tó ní ilà mi àfi nínú omi aró. Ara mi ta gìrì. Ta ni yóò rí ilà ìlú rẹ̀ tí yóò tún máa béèrè ọ̀nà? Mo gbé ẹrù mi, mo tẹ̀ lé e. Ó wọ ọkọ̀ kan, ibi tó wọ̀ kún, mo wọ èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo jókòó, mo fi orín sáàárín ọmú, mo ní ilé ló yá.

Ojú ọ̀nà ò yí mi lọ́kàn padà. Mo rí ilẹ̀ tó ń tẹ́jú sí i, igi ń dín kù, mo ní bóyá wọ́n ti gé igi Ọ̀fà láti ìgbà tí mo ti lọ. Nígbà tí ọkọ̀ dúró níbì kan kó mu omi, mo sọ̀, mo sá lọ sí ọ̀dọ̀ obìnrin náà, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn, Ìyá. Ọmọ Ọ̀fà ni mí."

Ó di mí mú léjìká méjèèjì, ó wo ojú mi, ó pariwo. "Háà! Ọmọ ta ni?" Mo sọ fún un. Ó mọ ìyá mi! Ó ní òun ra aṣọ aró lọ́wọ́ ìyá mi kí òun tó kúrò nílé. Ó ní Ìyá Sítù ni wọ́n ń pe òun.

Mo ní, "Nígbà wo la máa dé?"

"Bó bá di ọ̀la. Ṣé Sáríà náà lò ń lọ?"

"Sáríà kẹ̀? Ọ̀fà ni mò ń lọ."

Ìyá Sítù pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n láti ikùn wá. "Ọmọ mi, Ọ̀fà wà lẹ́yìn rẹ. Gbogbo ibi tí o bá kọ ẹ̀yìn sí báyìí, Ọ̀fà ni."

N kò rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ro oṣù tó ń bọ̀. Mo ro ti ọkọ̀ tó máa padà, Ìyá Sítù ní kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń lọ. Kí n tó dé Mínà kí n tó tún wá èyí tó ń lọ Ọ̀fà, oṣù á ti lé kọjá lórí mi. Mo ti fi ọwọ́ ara mi gbé ara mi fún Eyínfúnjowó.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin tó ń wo tíkẹ́ẹ̀tì bá wa. Ó yí tèmi síwá sẹ́yìn. "Tíkẹ́ẹ̀tì yìí kì í ṣe ti ibí. Dúró síbí. Má padà wọ ọkọ̀."

Mo wo ibi tó ní kí n dúró sí. Àgbá omi kan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú igbó. Ó dà bí ẹni pé mo rí ibi tí mo lè gbé ìbínú mi sí.

"N kò dúró. Ṣé èmi ni mo gbé ọkọ̀ méjì kalẹ̀ láàárín èéfín? Ẹ tẹ́ irin káàkiri ilẹ̀, ẹ kò fi ẹnìkan síbẹ̀ tí yóò ní ọ̀tún rèé, òsì rèé. Ọkọ̀ tó gbé mi sọnù ni yóò gbé mi dé ibi tí ènìyàn wà."

Ó fẹ́ fa ẹrù mi. Ìyá Sítù gbé agbọ̀n rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ọkùnrin náà gan-an. "Ọmọ mi ni. Bí o bá já a sílẹ̀, já èmi náà sílẹ̀. Kí o sì wá ẹlòmíràn ní Sáríà tí yóò máa se ẹ̀wà fún ẹ̀yin òṣìṣẹ́ rélùwéè."

Ọkùnrin náà wò ó, ó wo agbọ̀n, ó sì rántí ẹ̀wà. Ó dá tíkẹ́ẹ̀tì mi padà fún mi, ó kọjá lọ bí ẹni tí kò rí wa.

Inú ọkọ̀ ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ orín fún Ìyá Sítù. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní àgbà Ọ̀fà mẹ́ta wà ní Sáríà, pé Bàbá Olóbì ni olórí wọn, pé kí n bá wọn sọ ọ́ bí mo bá ní ẹnu. Mo ní ẹnu nìkan ló kù fún mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì la jókòó níwájú ilé Bàbá Olóbì. Arúgbó tínrín ni, ó rọra ń sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo gbé orín síwájú rẹ̀, mo rò ó látòkèdélẹ̀. Mo ní mo dá a padà, kí wọ́n jẹ́rìí sí i kí oṣù tó lé.

Ó mi orí. "Ọmọ mi, o ro ẹjọ́ rẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n orín kì í padà sójú ọ̀nà. Agboolé ló ti jáde, agboolé ló gbọ́dọ̀ wọ̀. Sáríà kì í ṣe Ọ̀fà. Àjèjì la jẹ́ níbí."

Àwọn àgbà méjì tó kù ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. N kò dìde lórí eékún. Ojú mi bọ́ sí ọmọdébìnrin kan tó ń ṣeré ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ilà Ọ̀fà lójú rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ san ni.

Mo ní, "Bàbá, ọmọ ta nìyẹn?"

"Ọmọ ọmọ mi ni."

"Níbo ni wọ́n bí i sí?"

"Níbí."

"Ṣé ẹ gbé e lọ sí Ọ̀fà kí wọ́n tó kọlà fún un?"

Ó wò mí. "Rárá. Abẹ wà lọ́wọ́ wa níbí."

"Ta ló wá sọ fún abẹ yẹn pé Sáríà kì í ṣe Ọ̀fà? Bàbá, bí abẹ Ọ̀fà bá lè jẹ ẹran ara níbí, kí ọmọ jáde ní ọmọ Ọ̀fà, orín Ọ̀fà náà lè padà níbí. Àbí ọmọ yìí, àjèjì lẹ kọ sí i lójú?"

Ìyá Sítù ń wo ilẹ̀, àmọ́ mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì. N kò tíì bá àgbà sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, mo sì mọ̀ pé bí ó bá lé mi jáde, ó tán.

Bàbá Olóbì pe ọmọ náà, ó fi àtàǹpàkò tọ ilà ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́. "Gbé e wá."

Mo gbé e fún un. Ó ní òun ń lọ sílé fún ọjà obì kó tó pẹ́, òun fúnra òun ni yóò gbé e wọ agboolé, òun yóò sì sọ fún wọn pé iwájú àgbà Ọ̀fà mẹ́ta ni orín ti padà kí oṣù tó lé. Ó wá yí orín náà wò. "Ṣùgbọ́n ṣe àmì kan sí i. Kí wọ́n má sọ pé mo rí i he lójú ọ̀nà, tàbí pé ẹlòmíràn ló kọ̀ ọ́ fún ọ. Fi nǹkan tí yóò jẹ́ tìrẹ sí i."

Mo wo ọwọ́ mi. Nǹkan wo ni mo ní tó jẹ́ tèmi ju ohun tó wà lára rẹ̀ lọ?

Ìyá Sítù mú mi lọ sí ibi ihò aró ní òwúrọ̀. Ẹ̀rù tún bà mí, bíi ti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí omi Lọ́kọ́ja. Ọkùnrin ló wà níbẹ̀! Ọkùnrin onírùngbọ̀n, wọ́n jókòó yí ihò ká, wọ́n ń ri aṣọ bọ inú ilẹ̀. Nílé wa, ọkùnrin tó bá sún mọ́ ìkòkò aró, àwọn ìyá wa á ní ó fẹ́ bà á jẹ́. Àwọn náà rí obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú bíi tiwọn, wọ́n wò mí bí ẹni rí adìẹ tó ń kọ bí àkùkọ. Mo kí wọn ní Hausa, "Sànnú." Mo ti ìka bọ inú ihò tó sún mọ́ mi, mo tọ́ ọ wò, mo ní ó ti jinná. Ẹni tó ni ihò ya ẹnu.

"Kí lo fẹ́ pa láró?"

"Ọkọ."

Mo so òwú mọ́ orín náà, mo rì í bọ inú aró, mo yọ ọ́, mo jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, mo tún rì í. Bí mo ṣe ń ṣe é ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín, bí Ìyá Sítù sì ṣe ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ orín náà fún wọn ni ẹ̀rín ń pọ̀ sí i, títí àgbà kan nínú wọn fi dìde, tó gba òwú lọ́wọ́ mi, tó ní ìgbà tó kàn yìí tòun ni. Nígbà tó gbẹ, ó dúdú minimini. Kò sẹ́ni tó lè fi í sẹ́nu láéláé. Bàbá Olóbì wé e sínú ewé, ó rìnrìn àjò rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, oṣù tuntun lé tẹ́ẹ́rẹ́ lórí Sáríà, àwọn ènìyàn jáde wá wò ó. Èmi náà wò ó. Oṣù lásán ni.

Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà. Bí mo bá ti wọ ọkọ̀ tó tọ́, mi ì bá dé Ọ̀fà. Ìyá ọkọ mi ì bá sunkún sí mi lọ́rùn, àwọn ìyàwó ilé ì bá yí mi ká, wọ́n ì bá fi iṣu gún iyán fún mi, ara mi ì bá rọ̀. Mo mọ ara mi. Ẹnu mi mú fún àwọn tó ń bínú sí mi, ṣùgbọ́n n kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tó ń sunkún jà. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní mo sọnù ní Mínà, mo máa ń ní n kò sọnù. Ilà ojú mi ni mo tẹ̀ lé, ó sì gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn mi. Ibi tí wọ́n wà nìkan ni n kò mọ̀.

Mo padà sí Lọ́kọ́ja pẹ̀lú ẹrù kan tí n kò gbé lọ: aró gbígbẹ tí àwọn Hausa ń pè ní ṣúnì, èyí tí wọ́n ń fi lu aṣọ kó lè máa dán. Àgbà tó gba òwú lọ́wọ́ mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ìyé ti po aró mi bó ṣe ṣèlérí, ọwọ́ rẹ̀ ti di dúdú.

"Okun o! Ṣé o rí ilé?"

"Okun, Ìyé. Mo rí i. Sáríà ló wà lọ́dún yìí."

Aṣọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ni mo kọ́kọ́ fi ṣúnì lù. Nígbà tó wọ̀ ọ́ gba Kpátá kọjá, oòrùn ń tàn lára rẹ̀, àwọn obìnrin Nupe dìde lórí ìjókòó wọn. Ṣáájú ọ̀sán, wọ́n ti dúró lẹ́yìn ilé mi, oníkálukú wọn ń sọ ẹnu tirẹ̀, kò sì sí èyí tí n kò gbọ́.

Ṣùbérù kò tètè yọjú. Nígbà tó dé, ẹ̀yìn ilé ló gbà wọlé bí ẹni tó jí adìẹ. Mo ń lu aṣọ, n kò dáwọ́ dúró.

"Sọ ọ́. Kí ni wọ́n ní?"

Ó nà ró, ó mú ohùn baálé agboolé ọkọ mi. "Láti ìgbà táyé ti dáyé, a kò rí irú èyí rí. Obìnrin tó bá pa orín ọkùnrin láró, ọkùnrin kankan nínú ilé yìí kò tún gbọdọ̀ fi orín ránṣẹ́ sí i mọ́. Kó máa gbé ibi tó wà."

Mo fi igi ìlùṣọ sílẹ̀. "Ṣé bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn? Tún un sọ."

Ó tún un sọ, títí dé orí "kó máa gbé ibi tó wà." Mo ní kó bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

N kò fẹ́ béèrè ohun tó kàn, ṣùgbọ́n mo béèrè. "Ìyá mi ńkọ́? Ṣé ó ń bínú?"

Ṣùbérù wo ìkòkò mi, ó wo aṣọ tí mo sá. Lẹ́yìn náà ó tẹ ọrùn díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì tínrín, ó di ìyá mi níwájú mi. "Ọmọ mi, wọ́n gbé e wá hàn mí. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ẹ̀lú tútù lo lò ni, tó fi mú igi tó bẹ́ẹ̀?"

Mo jókòó sórí ìtì igi tí mo fi ń lu aṣọ, mo sunkún, n kò sì fi ọwọ́ bo ojú. Ṣùbérù dúró, kò tètè gbé ohùn ara rẹ̀ wọ̀, bí ẹni tó ń dúró de èsì.

Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo ní, "Sọ fún un pé ihò aró ọkùnrin ni. Kò ní gbà ẹ́ gbọ́, sọ fún un bẹ́ẹ̀. Kí o sì bá mi kí Àjàní."

Ó kọ́kọ́ dà á rú. "Àjàní wo?"

Lẹ́yìn náà ló yé e. Ẹnu rẹ̀ là, kò rí ohùn kankan mú, tirẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn. "O pe orúkọ àbúrò ọkọ rẹ!"

"Mo pè é," ni mo wí, mo sì dìde lọ yí aṣọ mi padà sí oòrùn. "Wọ́n ti ní kí n máa gbé ibi tí mo wà. Àbúrò ọkọ ta ni?"